Máṣíìnì Méjì Ló Wà Nílé Mi: Ohun tí Honda Bàámi Fojú Mi Rí

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Bí ẹnikẹ́ni bá pe "máṣíìnì" nílé wa, ẹ ní láti béèrè pé èwo ni. Singer tí mo fi ń ránṣọ, máṣíìnì là ń pè é. Honda CG125 tí Bàámi gùn lọ síléèwé fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, máṣíìnì náà ni. Singer kò yọ mí lẹ́nu rí. Ti Honda ni mo fẹ́ sọ, bó ṣe gba oṣù mẹ́rin gbáko lọ́wọ́ mi kó tó mí dáadáa, àti bí ohun tí mo mọ̀ nídìí máṣíìnì kan ṣe kó mi sí wàhálà nídìí ìkejì, lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa n'Ísẹ́yìn ló wà fún bí ọdún mẹ́sàn-án. Adìyẹ ti yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. N kò rántí rẹ̀ mọ́ àfi ìgbà tí epo gbówó lórí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde níbi ìbúra wọn pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà tí a ń rà ní bíi ₦200 fò ré kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ sì bá a lọ. Èmi tí mò ń gbé aṣọ káàkiri fún àwọn oníbàárà, láti Mókólá dé Bódìjà dé Ọ̀jọ́ó, èrè mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sọ́wọ́ àwọn oní-Micra. Mo pe Bàámi lórí fóònù.

"Àkànní, bí o bá lè gbé e, gbé e," ni wọ́n wí. "Àmọ́ kì í ṣe ti ẹni tó ń kánjú o. Ohunkóhun tó bá ṣe é, kọ́kọ́ jókòó tì í."

"Mo gbọ́ sà. Ẹ ṣé sà."

Mo gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò wọlé.

Ọdún 1976 ni Honda gbé CG125 jáde. Kì í ṣe nǹkan eré sísá rárá. Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ láyé ni pé àwọn tó ṣe é mọ̀ pé àwọn tó máa gùn ún máa di ẹrù rù ú bí ẹni di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n á sì tún gbàgbé ọ́ìlì rẹ̀. Dípò kí wọ́n fi ṣéènì fa ohun tó ń ṣí fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tí epo ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde) lókè orí ẹ́ńjìnì, ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi kámù, irin tó ń yí láti ṣí i, sí, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló ń ti fáàfù láti ìsàlẹ̀ wá. Kò sí ṣéènì tí yóò dẹ̀ níbẹ̀. Ti Bàámi jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ṣì ń lo bátìrì 6-volt àti kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì tó ń padé tó ń ṣí kí iná lè dé pulọ́ọ̀gì. Sípánà mẹ́rin àti sukudiráfà méjì tó ènìyàn í tú u palẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì ti tàn mí. Mo rò pé ẹni tó bá ti lè tú nǹkan ti mọ ohun tó ń ṣe é.

Nígbà tí mo da epo tuntun sí i, tí mo pààrọ̀ ọ́ìlì (kò gbà ju nǹkan bíi lítà kan lọ), tí mo sì ra pulọ́ọ̀gì tuntun, ó sitáàtì ní kíìkì kẹtàlá. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Tí mo bá fi í sílẹ̀ kó máa rọra ṣiṣẹ́, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú; á dún mẹ́ta, á fo ọ̀kan, á dún méjì, á fo ọ̀kan. Tí mo bá fa tọ́tù lójijì, á wúkọ́ láti ẹnu kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀. Tí mo bá dá tọ́tù padà, á yìnbọn láti ìdí sálẹ́ńsà, ajá gbogbo àdúgbò á gbó. Tó bá wá ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú tí ara rẹ̀ gbóná, á kú fin-ín. Kò sí kíìkì tó lè jí i. Ẹ jẹ́ kó tutù fún wákàtí kan, kíìkì ẹlẹ́ẹ̀kejì ló máa gbà, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwa télọ̀ mọ fífò. Tí máṣíìnì ìránṣọ bá ń fo, abẹ́rẹ́ ti wọ́ ni, tàbí ṣọ́tù kò wá gbé òwú lásìkò. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì, mà á rí i tún ṣe.

Epo ni mo kọ́kọ́ gbá mú, n kò sì kábàámọ̀ ìyẹn. Epo àtijọ́ tó wà nínú táǹkì ti ń rùn bíi fáńíìṣì. Ẹni tó bá gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Mo yọ táǹkì náà, mo da òkúta wẹ́wẹ́ bí ìkúnwọ́ mẹ́ta àti kẹrosíìnì sínú rẹ̀, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi wá ń mì í bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣàn jáde pọ́n bí osùn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ṣe é kó tó mọ́. Ẹ ka òkúta yín kí ẹ tó dà á sínú o. Ọ̀kan kò jáde fún wa, títí dòní tí mo bá ti yà ní kọ́nà mo máa ń gbọ́ ọ nínú táǹkì, gbọ́rọ́, gbọ́rọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn mo fa rọ́bà epo kúrò lára kabúrétọ̀, mo ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò, mo ṣí epo sílẹ̀. Ó yẹ kó máa ṣàn láìdáwọ́ dúró ni. Tèmi ṣàn fún ìṣẹ́jú kan, ó wá di kán, kán, kán. Mo ṣí ìdérí táǹkì wò, ó tún ń ṣàn. Ihò bíńtín kan wà lára ìdérí yẹn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sí i. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rọ́nà wọlé, epo kò ní rọ́nà jáde. Mo fi abẹ́rẹ́ tú u. Mo tún ń fi ìgò náà ṣe nǹkan míì: epo tí mo bá rà lọ́wọ́ àwọn onígálọ́ọ̀nù nígbà tí epo wọ́n, mo máa ń kọ́kọ́ da díẹ̀ sínú ìgò funfun kí n gbé e jókòó. Omi tó bá wà nínú rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀, ẹ óò rí ààlà rẹ̀ kedere.

Mo gùn ún jáde pẹ̀lú ìdánilójú. Ó kú sí Sángo, mo tì í délé.

Kabúrétọ̀ ló kàn, ibẹ̀ ni àṣìṣe mi àkọ́kọ́ wà. Inú rẹ̀ ti di bí ìdí agbada tí wọ́n fi dín àkàrà fún ọdún kan. Jẹ́ẹ̀tì kékeré, èyí tó ń fún ẹ́ńjìnì lépo nígbà tó bá ń rọra ṣiṣẹ́, ti dí pátápátá. Èmi télọ̀, kí ni mo ní lọ́wọ́? Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ yìí náà ló ṣáà tú ihò ìdérí táǹkì. Mo fi ẹnu rẹ̀ gún jẹ́ẹ̀tì náà, mo ń yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún títí ìmọ́lẹ̀ fi hàn ní òdìkejì. Mo gbé e sókè sí oòrùn, mo ní ẹ wo bó ṣe mọ́ gaara.

Ihò jẹ́ẹ̀tì kékeré yẹn kò tó ìdajì mìlímítà. Ìdẹ ni wọ́n fi ṣe jẹ́ẹ̀tì, irin líle ni abẹ́rẹ́. N kò fọ ihò náà, fífẹ̀ ni mo fẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni máṣíìnì ti ń mu epo bí ẹni mu omi, tí èéfín dúdú sì ń jáde nídìí rẹ̀. Pulọ́ọ̀gì tí mo yọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta dúdú bí ìdí ìkòkò aláró, ó gbẹ, ó sì ń kun ọwọ́ bí èédú. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì wa mú un, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní: "Ta ló fi abẹ́rẹ́ gún jẹ́ẹ̀tì yìí?" N kò tíì sọ nǹkan kan fún un.

Ó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka pulọ́ọ̀gì, èyí sì ni ẹ̀kọ́ tó wúlò fún mi jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, torí ẹnu pulọ́ọ̀gì nìkan ni ènìyàn ti lè rí inú ẹ́ńjìnì láìtú u. Tó bá dúdú tó gbẹ, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá funfun bí ẹfun, afẹ́fẹ́ ló pọ̀, ara rẹ̀ sì ń gbóná jù. Tó bá tutù tó ń dán nítorí ọ́ìlì, ẹ máa tọ́jú owó o, torí ríǹgì tàbí fáàfù ló fẹ́ gbowó yẹn. Èyí tó dára máa ń ní àwọ̀ gààrí tí wọ́n yan dáadáa. Àlàfo ẹnu rẹ̀, láàárín 0.6 sí 0.7 mìlímítà; bíléèdì àkísọ̀ tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu gẹ́lẹ́, mo sì rí àfọ́kù kan tọrọ lọ́dọ̀ wẹ́dà wa.

Mo ra jẹ́ẹ̀tì tuntun. Báyìí, tó bá dí, inú bẹntiróòlù ni mò ń rẹ ẹ́ sí mọ́jú, mà á fi páńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ. Tí ìyẹn kò bá ràn án, òwú ọ̀rá tín-ín-rín tí a fi ń ṣẹ́ etí léèsì ni mo máa ń tì bọ̀ ọ́. Ọ̀rá kò lè ha ìdẹ. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́, abẹ́rẹ́ ni mo lọ mú.

Jẹ́ẹ̀tì tuntun dé, pulọ́ọ̀gì wá yí padà sí funfun. Máṣíìnì ṣì ń wúkọ́. Níbí ni ojú mi ti dá díẹ̀, torí iṣẹ́ télọ̀ ràn mí lọ́wọ́. Mo ní afẹ́fẹ́ kan gbọ́dọ̀ máa gba ibòmíràn wọlé yàtọ̀ sí ẹnu kabúrétọ̀. Mo gbé ike òróró máṣíìnì ìránṣọ, èyí tó ní ẹnu ṣóńṣó, mo jẹ́ kí Honda máa dún níta, mo wá ń kán òróró náà sí oríkèé ibi tí kabúrétọ̀ ti so mọ́ ẹ́ńjìnì, díẹ̀díẹ̀, yípo. Nígbà tí mo dé apá ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀: ó dẹ́kun gbígbọ̀n, ó dún geere fún bí ìmí mẹ́ta, ó tún padà sí ti tẹ́lẹ̀. Mo tún kán an, ó tún dún geere. Rọ́bà roboto tó wà láàárín wọn ti gan, ó ti là. Àwọn kan máa ń fọ́n bẹntiróòlù síbẹ̀ láti wò ó. Ẹ má dán an wò lára ẹ́ńjìnì gbígbóná. Òróró tó láti sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀.

Níta ni mo sọ pé mo ti ń ṣe é. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí ìyàwó mi fi pariwo lé mi lórí. Òótọ́ ló sọ. A ti gbọ́ nípa àwọn tí èéfín jẹnẹrétọ̀ pa mọ́nú ilé, ti máṣíìnì kò yàtọ̀.

Rọ́bà tuntun yẹn pa ikọ́ náà. Ìwọ̀n tí inú mi dùn tó ni kò jẹ́ kí n fara balẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, mo yí sukúrúù afẹ́fẹ́ kabúrétọ̀, mo sún abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sókè ní ojú kan, mo ṣe tápẹ́ẹ̀tì (ibi tí a ti ń ṣe àlàfo fáàfù), mo tún pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì. Nígbà tí mo sitáàtì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó burú ju ti àná lọ, n kò sì lè sọ èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bà á jẹ́. Tí oníbàárà bá ní aṣọ òun há, ṣé mà á tú èjìká, kí n tú ìbàdí, kí n tú apá, kí n tó ní kó wọ̀ ọ́ wò? Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà ni mo ti ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, èyí tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀. Ojú ewé tí wọ́n kọ "ọrùn 15, èjìká 18" sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ óò ti rí "sukúrúù afẹ́fẹ́: mo yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí ó fi dúró, mo dá a padà síta ní ìyípo kan ààbọ̀. Kò yí padà."

Tápẹ́ẹ̀tì ló jẹ̀bi. Àṣìṣe mi kejì nìyẹn.

Máṣíìnì ìránṣọ tó dára kì í pariwo. Tó bá ti ń ké, a mọ̀ pé ibì kan ti dẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ tíki-tíki-tíki lórí Honda, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo fún tápẹ́ẹ̀tì méjèèjì títí wọn kò fi mì mọ́. Kẹ́kẹ́ pa. Mo ti ń fi yangàn fún ọ̀gá mẹkáníìkì pé ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ṣe é.

"Ọ̀gá Télọ̀, ẹ̀yin lẹ ṣe tápẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Èmi ni o."

"Kò dún rárá."

"Kò dún rárá, ọ̀gá."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Èyí tó ń dún kò tíì jó fáàfù ẹnikẹ́ni rí. Èyí tó dákẹ́ ni kí ẹ máa bẹ̀rù."

Irin máa ń gùn tó bá gbóná. Tí kò bá sí àlàfo nígbà tó tutù, nígbà tí fáàfù bá gbóná tó gùn sí i, kò ní rí àyè padé mọ́. Iná á máa gba ẹnu rẹ̀ sá jáde, á máa jẹ etí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, agbára tó yẹ kó ti písítọ̀nù á sì ṣòfò. Ti CG125, 0.08 mìlímítà ni àlàfo náà, fáàfù méjèèjì, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti ọ̀nà dé. Bíléèdì ìfárí nípọn tó 0.1, ìyẹn ni pé ó ki díẹ̀ ju ohun tí a ń wá lọ: tí bíléèdì bá wọlé fàlàlà, àlàfo ti pọ̀ jù. Mo fi ṣe é fún ìgbà díẹ̀ kí n tó ra gééjì gidi. Ohun tó sì ṣòro kì í ṣe àlàfo náà, ibi tí ẹ máa yí ẹ́ńjìnì dé kí ẹ tó wọ̀n ọ́n ni. Ẹ yí fláwíìlì (irin roboto tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnì) títí àmì T fi bá ojú àmì tó wà lára ilé rẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ mi tápẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Bí méjèèjì bá mì díẹ̀, ẹ ti débẹ̀. Bí ọ̀kan bá le gan-gan, ẹ yí i ní odindi ìyípo kan sí i.

Ní báyìí ó ń dún dáadáa, ó ń sáré, kò wúkọ́. Ó kan ṣì ń kú tó bá ti gbóná ni, bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Oṣù kẹta ti ń parí lọ. Ìyàwó mi ti ń pè é ní ọkọ mi kejì. Mo pe Bàámi lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ka gbogbo ohun tí mo ti ṣe sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ mi tán.

"Nígbà tó kú, kí ló tán ńbẹ̀? Epo ni àbí iná?"

"Iná wà níbẹ̀ sà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ń ti í délé, mo máa ń yọ pulọ́ọ̀gì wò. Iná ń já pàrà."

"Tó o bá délé, tó o kíìkì rẹ̀, ṣé kì í sitáàtì?"

"Ó máa ń sitáàtì sà. Ó ti tutù nígbà yẹn."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Àkànní. Ìgbà tí ibà ti lọ tán lo wá ń gbé ọwọ́ lé e níwájú orí."

Mo dùbúlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń rò ó. Oṣù mẹ́ta! N kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí àìsàn náà wà lára rẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo di sípánà pulọ́ọ̀gì, pulọ́ọ̀gì àpọ̀jù kan, àkísà àti omi mímu sínú àpò, mo gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ kó lè kú. N kò mọ̀ bóyá ẹnìkan ti gbàdúrà irú ẹ̀ rí. Ó pé ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún gẹ́lẹ́ kó tó dákẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò kan. Kíákíá mo fa wáyà kúrò lórí pulọ́ọ̀gì, mo fi í bọ ti àpọ̀jù, mo gbé ìdí rẹ̀ ti irin ẹ́ńjìnì, mo kíìkì. (Mo fi èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnì sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ihò yẹn bá ṣí sílẹ̀, èéfín epo á máa tú jáde, iná sì wà nítòsí.) Mo fi ara mi ṣíji bò ó kí n lè rí i dáadáa. Ohun tí mo rí kì í ṣe èyí tó ń já pàrà nílé. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rí bí ìdí sìgá tó fẹ́ kú, nínú kíìkì márùn-ún ó yọjú lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá tú pulọ́ọ̀gì inú ẹ́ńjìnì: ó tutù fún bẹntiróòlù. Epo dé. Iná ni kò dé.

Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò yẹn, mo mu omi mi, mo rẹ́rìn-ín. Kabúrétọ̀ tí mo ti tú lẹ́ẹ̀mẹfà, kò mọwọ́ kò mọsẹ̀.

Nílé, mo ṣí ìdérí apá òsì, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo kọ́ńtáàtì láti ojú ihò fláwíìlì. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ ti jó: òkìtì kékeré wà lórí ọ̀kan, kòtò wà lójú ìkejì, wọ́n bá ara wọn mu bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n tún mú iná lọ, òkùnkùn ṣú biribiri, mo ní kí ọmọ mi pa tọ́ọ̀ṣì kí n sitáàtì rẹ̀ níta. Ó kígbe kí n tó rí i: "Bàbá, ẹ wò ó, ó ń rìn!" Iná búlúù tín-ín-rín kan ń rá pálá láti ara wáyà pulọ́ọ̀gì lọ sára férémù, bí ìdin. Rọ́bà wáyà náà ti là. Ojúmọ́ oṣù mẹ́ta kò lè fi ìyẹn hàn mí, ẹ̀yin ẹ rí i?

Wáyà rọrùn, mo pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹnu tó jó bẹ́ẹ̀ yẹn ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ọ̀gá mẹkáníìkì ló sì tú u fún mi: kọ̀ńdẹ́ńsà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba agbára tó fẹ́ fò láàárín ẹnu kọ́ńtáàtì nígbà tó bá ṣí, kí kọ́ìlì (ohun tó ń sọ iná kékeré di ńlá) lè fi gbogbo agbára náà ránṣẹ́ sí pulọ́ọ̀gì. Tó bá ti ń kú lọ, ẹnu kọ́ńtáàtì ni iná á máa jó sí. Kọ̀ńdẹ́ńsà sì lè dára tó bá tutù, kó sì kú tó bá gbóná. Ọ̀gá ṣí agolo mílíìkì kan tó kún fún nǹkan àtijọ́, ó mú kọ̀ńdẹ́ńsà Peugeot 504 jáde, ó tú wáyà ti Honda kúrò (tí èyí tó ti bàjẹ́ bá ṣì wà lójú ọ̀nà, tuntun kò lè ràn án), ó so ti Peugeot mọ́ ọn níta pẹ̀lú teepu, ó rọ̀ gbáú lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n tì.

"Ẹ gùn ún lọ. Ẹ má padà kó tó pé wákàtí kan."

Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo lò. Kò kú.

Kọ̀ńdẹ́ńsà Honda tí mo kọ́kọ́ rà, ayédèrú ni, ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Ìkejì ló ṣì wà níbẹ̀. Mo ra kọ́ńtáàtì tuntun pẹ̀lú, mo fi àlàfo rẹ̀ sí 0.35, ó wá ku kí n ṣe àkókò iná, èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí. Kò gba wákàtí kan. Ohun tí mo ti ń ṣe láti kékeré ni: kí ẹnu ṣọ́tù wá bá abẹ́rẹ́ lásìkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, kì í ṣe kó tó gòkè, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti lọ. Kọ́ńtáàtì gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí nígbà tí àmì F bá dé ojú àmì. Mo fi ìwé tín-ín-rín tó máa ń wà nínú páálí bàtà há ẹnu rẹ̀, mo ń rọra yí fláwíìlì, mo ń rọra fa ìwé. Ibi tí ìwé bá ti yọ̀ kúrò ni ẹnu ti ṣí. Ọwọ́ télọ̀ mọ fífa bẹ́ẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni mo gùn ún lọ Ìsẹ́yìn. Bàámi ti jókòó síwájú ilé, wọ́n ti gbọ́ ọ láti kọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀, wọn kò tíì dá mi lóhùn, wọ́n ní kí n má pa á. Wọ́n na etí sí i.

"Tápẹ́ẹ̀tì ẹ ń dún."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Wọ́n mi orí. "Fa tọ́tù. Dá a padà." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yìnbọn kékeré kan, adìyẹ méjì fò.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Gáásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn sálẹ́ńsà ni mo fura sí sà, bóyá afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo ti ra tuntun, ó wà nínú àpò mi."

Mo pa á, mo mú sípánà jáde, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó ṣì gbóná," ni wọ́n wí, wọ́n sún àpótí ìjókòó kejì sí mi. "Gbé e síbẹ̀ ná. Ṣé o ti jẹun?"